Àmì Ìràwọ̀

Ojú ìwé kan ṣoṣo ló ti Lincoln wá,
ọdún kan gbáko lórí bébà tí kò wúwo tó ewé.
Ọ̀gá Hruska fi ife kọfí tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀
kí ẹ̀rọ amúlégbóná má baà fẹ́ ẹ lọ.

A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, àwa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Ní Oxbow, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nebraska,
wọ́n ń kà wọ́n, wọ́n tún ń pín wọn:
mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, láti kíláàsì kẹfà dé ìkẹjọ.
Funfun, mọ́kànléláàádọ́ta.
Àwọn tí ilé wọn ń sọ Sípáníìṣì, ogójì géérégé
(bẹ́ẹ̀ sì ni Eulalia Tzoc kì í sọ Sípáníìṣì nílé,
èdè K’iche’ ni ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí,
ṣùgbọ́n kò sí àpótí fún ìyẹn).
Ó ku mẹ́fà.

Nínú ìṣirò, méjìdínlógójì ló yege nínú ọgọ́rùn-ún.
Èsì àwọn funfun wà níbẹ̀, ti ogójì wà níbẹ̀,
ti àwọn tó ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀.
Níbi tó yẹ kí ti àwọn mẹ́fà wà,
àmì ìràwọ̀ kan ló jókòó, kékeré, dúdú,
bí eṣinṣin tó kú sórí ìlà.
Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wínníwínní:
Wọn ò tó mẹ́wàá.
A fi wọ́n pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Ta ni kò dá wọn mọ̀ ní Oxbow,
ìlú tí ajá bá gbó lóru, tí gbogbo ènìyàn mọ ajá ta ni?

Htee Moo ń kọ́? Ọmọ Karen, ọmọ ọdún méjìlá,
ẹ̀wù òtútù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń wọ̀,
apá ẹ̀wù náà gbé ọwọ́ rẹ̀ mì.
Òru ni bàbá rẹ̀ ń gé ẹran nílé-iṣẹ́ màlúù.
Lọ́jọ́ ìdánwò, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n pè wọ́n:
ọ̀bẹ ti kan àtàǹpàkò,
dókítà ń wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì.
Ọmọdé dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá orúkọ fún iṣan ara
nínú èdè tí kò tíì kọ́ ọ ní iṣan ara.
Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ ó ti wà níwájú kọ̀ǹpútà.
Ìbéèrè kẹrìnlá ń bi í nípa táǹkì kan tí omi ń jò.
Ibẹ̀ ló sùn sí.

Colter Vavra náà sùn. Abo màlúù wọn ló rọbí mọ́jú.
Ṣùgbọ́n oorun Colter rí ìdá tirẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún;
oorun Htee Moo wọnú ìràwọ̀ lọ.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó na ìwé owó-iṣẹ́ kan sí Tíṣà Marlys.
“Ẹ bá mi wò ó. Wákàtí mẹ́tàdínláàádọ́ta ni bàbá mi ṣe,
dọ́là méjìdínlógún ni wákàtí kan.
Méje tó lé lórí ogójì, ó yẹ kí wọ́n fi ààbọ̀ kún un.
Wọ́n jẹ wá ní dọ́là mẹ́tàlélọ́gọ́ta.”
Marlys ṣe é lórí bébà. Ó tún un ṣe.
Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò.
Mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ìgbà tí wọ́n lẹ èsì náà mọ́ gíláàsì ọ́fíìsì,
àwọn ọmọ ń kọjá, wọn ò wò ó,
àfi ọmọbìnrin yìí, tó ń fi ìka tọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan
títí ìka fi dúró.
“Ta nìyí?”
“Ìwọ ni,” ni Marlys wí. “Ìwọ àti àwọn márùn-ún.”
Ọmọ náà wò ó pẹ́.
“Ṣé ó yege?”

Agogo lu.
Ó ti sáré lọ, apá ẹ̀wù ń fì lẹ́yìn rẹ̀,
Marlys ṣì ya ẹnu.